ÀWỌN OYIN INÚ OKO WA: TA NI WỌ́N, TA SÌ NI Ó MỌ̀ WỌ́N?

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń dáko ní àyíká Maiduguri, bí a bá pe oyin, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa ni oyin afárá, èyí tí a ń fi èéfín lé kí a tó fún oyin rẹ̀ sínú ìgò. Òun ni a mọ̀, òun ni a ń bẹ̀rù, oyin rẹ̀ ni a sì ń rà ní Monday Market. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ó wà lóko. Bí ẹ bá dúró ti ẹ̀wà tí ó ń tanná ní agogo méje àárọ̀, ẹ lè rí dúdú ńlá kan tí ń kùn bí ẹ̀rọ. Ẹ lè rí kékeré kan tí ara rẹ̀ ń dán bí idẹ. Ẹ sì lè rí òmíràn tí kò tóbi ju èèrà lọ. Àwọn ènìyàn ń pè wọ́n ní eṣinṣin tàbí agbọ́n. Oyin ni gbogbo wọn.

Ìbéèrè mẹ́rin ni a fẹ́ dáhùn níhìn-ín. Irú ẹ̀dá wo ni àwọn oyin igbó wọ̀nyí? Kí ni wọ́n ń ṣe fún irúgbìn wa? Báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe ń dá wọn mọ̀, ibo sì ni iṣẹ́ náà dé ní ilẹ̀ Áfíríkà? Kí ni àwa àgbẹ̀ lè ṣe? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ẹni tí ó ti ná owó lórí irúgbìn, ajílẹ̀ àti omi, tí òdòdó wọ́tàmẹ́lọ́ọ̀nù rẹ̀ sì ń já bọ́ láìso, ó lè jẹ́ pé àìsí oyin ni ó kó o sí òfò.

1. OYIN KÌ Í ṢE Ẹ̀YÀ KAN ṢOṢO

Ẹ̀yà oyin tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ káàkiri ayé lé ní 20,000. Nínú gbogbo wọn, irú oyin afárá, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Apis, kò tó 15. Ẹ̀yà Apis kan ṣoṣo ni ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Apis mellifera. Irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ń pè ní adansonii. Orúkọ Michel Adanson ni wọ́n fi sọ ọ́, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ó wá wo igi àti ẹranko ilẹ̀ Senegal láàrin ọdún 1749 sí 1754.

Àwọn oyin yòókù, èyí tí a ń pè ní oyin igbó, yàtọ̀ sí i púpọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kì í gbé pọ̀ ní agbo. Kò sí ọba, kò sí òṣìṣẹ́: ìyá kan ṣoṣo ni ó ń kọ́ ilé tirẹ̀, tí ó ń wá oúnjẹ fún ọmọ tirẹ̀. Ó pọ̀ ju ìdajì lọ nínú wọn tí ó jẹ́ pé inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ìyá oyin yóò gbẹ́ ihò tóóró sínú ilẹ̀ gbígbẹ, yóò ya yàrá kéékèèké síbẹ̀, yóò kó ìyẹ̀fun òdòdó àti omi dídùn inú òdòdó wọlé, yóò pò ó bí òkèlè, yóò yé ẹyin kan lé e lórí, yóò sì dí ẹnu yàrá náà. Ọmọ náà yóò jẹ òkèlè rẹ̀ nínú òkùnkùn, yóò sì jáde nígbà tí àkókò òdòdó bá tún dé. Bí ẹ bá rí ihò kéékèèké lójú ọ̀nà oko, tí erùpẹ̀ rírọ̀ yí ẹnu rẹ̀ ká, ẹ má tètè sọ pé ihò èèrà ni.

Àwọn mìíràn ń lu igi gbígbẹ. Àwọn oyin ńlá dúdú tí wọ́n ń dá ihò róbótó sí òpó àti àjà ilé ni wọ̀nyí. Xylocopa ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Àwọn kan ń gé ewé ní róbótó, bí ẹni fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ, wọ́n á sì fi wé ilé ọmọ wọn. Megachile ni ìwọ̀nyí. Olè pàápàá wà láàrin wọn: àwọn oyin kan kì í kọ́lé, kì í sì í kó oúnjẹ jọ, inú ilé oyin ẹlòmíràn ni wọ́n ń yọ́ yé ẹyin wọn sí.

Àwọn tí kì í ta ni náà wà. Wọ́n ń gbé ní agbo nínú ihò igi, nínú ògiri, tàbí nínú ọ̀gán, wọ́n sì ń fi oje igi ṣe ẹnu ọ̀nà bí ọ̀pá kékeré. Àwọn tí ó kéré jù lọ nínú wọn, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Hypotrigona, ni wọ́n máa ń yí ojú ènìyàn ká láti mu òógùn nígbà tí oòrùn bá mú. Ẹ ti fi ọwọ́ lé wọn lọ́pọ̀ ìgbà láìmọ̀ pé oyin ni.

2. IṢẸ́ WỌN LÓRÍ IRÚGBÌN WA

Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́: kì í ṣe gbogbo irúgbìn ni ó ń wá oyin. Afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà fún àgbàdo àti jéró, ọkà bàbà náà kò gbẹ́kẹ̀ lé oyin, àní èyí tí wọ́n ń gbìn sórí ilẹ̀ dúdú firki nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìrẹsì, àlìkámà àti ẹ̀pà ń gbà ara wọn. Àwa tí a ti ilẹ̀ kòkó wá náà mọ̀ pé kòkó so láìsí oyin. Eṣinṣin kíkíní kan ni ó ń bá a ṣe é. Nítorí náà, ẹni tí ó gbin ọkà bàbà nìkan kò ní tètè mọ̀ bí oyin bá tán.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irúgbìn tí ń mú owó wọlé fún wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo wọ́tàmẹ́lọ́ọ̀nù, elégédé, kùkúmbà àti ẹ̀gúsí. Òdòdó akọ wà lọ́tọ̀, òdòdó abo wà lọ́tọ̀. Abo ni èyí tí èso kékeré wà ní ìdí rẹ̀. Òdòdó abo wọ́tàmẹ́lọ́ọ̀nù kì í ju ọjọ́ kan lọ kó tó pa dé. Bí oyin kò bá gbé ìyẹ̀fun akọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, èso náà yóò já bọ́. Bí ìyẹ̀fun tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá kéré, èso lè dàgbà ṣùgbọ́n yóò wọ́, apá kan yóò tóbi, apá kan yóò súnkì, kò sì ní tà lọ́jà.

Ìgbá àti tòmátì ní àṣírí tiwọn. Ìyẹ̀fun wọn wà nínú ìkòkò kékeré bí iyọ̀ tí ó wà nínú agolo oníhò. Oyin tí yóò mú un jáde ní láti di òdòdó náà mú, kí ó gbọn ara rẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Oyin afárá kò lè ṣe èyí. Oyin ńlá dúdú tí ń lu igi lè ṣe é, àwọn oyin inú ilẹ̀ kan sì lè ṣe é. Afẹ́fẹ́ a máa ran tòmátì lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbá ń wá oyin gan-an. Ní Nguruman, ní gúúsù Kenya, Barbara Gemmill-Herren àti Alfred Ochieng wo oko ìgbá fínnífínní, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 2008. Wọ́n rí i pé oyin igbó méjì pàtàkì ni ń ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ oyin alugi tí ń jẹ́ Xylocopa caffra. Wọ́n tún rí i pé igbó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ni àwọn oyin wọ̀nyí ti ń rí oúnjẹ ní àkókò tí ìgbá kò bá tanná. Bí ẹ bá gé igbó náà tán, ìgbá ni ẹ gé.

Ẹ wo yànmọtí, tí àwọn Hausa ń pè ní ridi, àti òwú. Ní Burkina Faso, tí ilẹ̀ rẹ̀ jọ tiwa, Katharina Stein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọ̀n bo àwọn òdòdó kan kí oyin má bàa dé ibẹ̀, wọ́n sì fi àwọn mìíràn sílẹ̀ ní gbangba. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2017. Níbi tí oyin kò dé, ìkórè òwú dín ní ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún, ti yànmọtí sì dín ní ìdá 59. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ì bá kó àpò yànmọtí mẹ́wàá yóò kó bíi mẹ́rin, lórí ilẹ̀ kan náà, pẹ̀lú iṣẹ́ kan náà.

Ti ẹ̀wà ń kọ́? Ẹ̀wà lè gbà ara rẹ̀, ṣùgbọ́n oyin ń fi kún un. Ní òdìkejì ibodè wa, ní Yunifásítì Ngaoundéré ní Cameroon, Fernand-Nestor Tchuenguem Fohouo àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo àwọn oyin lórí irúgbìn. Nínú iṣẹ́ wọn, òdòdó ẹ̀wà tí oyin alugi kan, Xylocopa olivacea, bẹ̀ wò so ju èyí tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí á gbé àgbá oyin afárá sí oko, ó parí." Kò parí. Ní 2013, àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè kó àbájáde oko 600 jọ káàkiri ayé. Wọ́n rí i pé oyin afárá kò lè dípò oyin igbó: níbi tí àwọn kòkòrò igbó bá ti pọ̀, èso ń pọ̀ sí i, bí oyin afárá pọ̀ níbẹ̀, bí kò pọ̀ níbẹ̀.

3. BÍ A ṢE Ń SỌ OYIN LÓRÚKỌ

Àwọn baba wa sọ pé ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti oyin. Onímọ̀ yóò wo ilé tí ó ti jáde kí ó tó fún un lórúkọ. Ìdílé oyin méje ni ó wà láyé. Mẹ́fà nínú wọn ni ó wà ní Áfíríkà, ìkeje kò sí níbòmíràn bí kò ṣe Australia. Inú ìdílé ni agboolé wà, inú agboolé ni ẹ̀yà wà. Orúkọ méjì ni oyin kọ̀ọ̀kan ń jẹ́: orúkọ agboolé rẹ̀ ṣáájú, orúkọ tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Carl Linnaeus, ará Sweden, ni ó fi ìlànà yìí lélẹ̀ fún àwọn ẹranko ní 1758, ọdún yẹn náà ni ó sì sọ oyin afárá ní Apis mellifera.

Kí ni wọ́n ń wò? Wọ́n ń wo bí iṣan inú ìyẹ́ apá ṣe pín, bí ahọ́n ṣe gùn tó, ibi tí irun tí ó ń gbé ìyẹ̀fun wà, bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni tàbí abẹ́ ikùn. Wọ́n ń fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ojú ihò tóótòòtó tí ó wà lára rẹ̀. Lóde òní, wọ́n tún ń ka DNA, èyí tí í ṣe àmì ìran tí ó wà nínú ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí.

Nígbà tí onímọ̀ bá rí oyin tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ lórúkọ, yóò kọ àpèjúwe rẹ̀, yóò sì yan òkú oyin kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́ inú àpótí, pẹ̀lú ìwé pélébé tí ó sọ ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ tí wọ́n mú un, àti ẹni tí ó mú un. Títí láé ni ẹlẹ́rìí yìí yóò wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń jiyàn lórí orúkọ náà lẹ́yìn 100 ọdún, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rìí ni wọn yóò padà sí.

Ibí ni wàhálà Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ayé ìjọba amúnisìn, àwọn òyìnbó kó oyin ilẹ̀ wa lọ sí òkè òkun. Heinrich Friese ti ilẹ̀ Jámánì kọ ìwé ńlá lórí oyin Áfíríkà ní 1909. T. D. A. Cockerell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fún oyin ní orúkọ tí ó lé ní 5,000 ní gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti Áfíríkà. Nítorí náà, àwọn ẹlẹ́rìí oyin wa wà ní mùsíọ́mù Lọ́ńdọ̀nù, Berlin, Paris àti Tervuren ní Belgium. Ọmọ Nàìjíríà tí ó bá fẹ́ mọ̀ dájúdájú bóyá oyin tí ó mú ní Borno ni èyí tí wọ́n sọ lórúkọ ní 1909 gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Wàhálà kejì ni pé oyin kan ń jẹ́ orúkọ méjì tàbí mẹ́ta. Nínú ọ̀pọ̀ oyin alugi ilẹ̀ Áfíríkà, abo dúdú, akọ rẹ̀ sì pọ́n bí àgbàdo gbígbẹ. Ẹni tí ó rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àpótí, tí kò rí wọn lóko, lè sọ tọkọtaya di àjèjì sí ara wọn. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ìwé àtijọ́, iṣẹ́ ńlá sì ni títún un ṣe.

4. IBI TÍ IṢẸ́ DÉ NÍ ÁFÍRÍKÀ

Ìlọsíwájú ti wà. Ní 2000, Charles Michener ti Yunifásítì Kansas tẹ ìwé The Bees of the World jáde, ó sì tún un ṣe ní 2007. Òun ni ìwé àgbà fún gbogbo ẹni tí ń kọ́ nípa oyin. Ní Áfíríkà fúnra rẹ̀, Connal Eardley, tí ó ṣiṣẹ́ ní Pretoria ní South Africa, ni orúkọ rẹ̀ ga jù. Ní 2004 ó tún orúkọ àwọn oyin tí kì í ta ni tò. Ní 2010 òun, Michael Kuhlmann àti Alain Pauly gbé ìwé kan jáde tí ó ń kọ́ ènìyàn bí ó ṣe lè dá agboolé oyin gúúsù Sàhárà mọ̀: "Ṣé báyìí ni apá rẹ̀ rí? Bí bẹ́ẹ̀ ni, lọ síbí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ sọ́hùn-ún." Ní ọdún kan náà, Eardley àti Ruan Urban ka gbogbo orúkọ náà jọ, ẹ̀yà tí wọ́n sì rí lé ní 2,600.

Ní Kenya, ilé ìwádìí icipe, tí Thomas Odhiambo dá sílẹ̀ ní Nairobi ní 1970, ti di ibi pàtàkì fún ẹ̀kọ́ oyin. Àpẹẹrẹ kan nínú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Kenya yóò fi bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó hàn. Àwọn oyin kíkíní Hypotrigona tí ń mu òógùn ojú wa jọ ara wọn débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní 2017, àwọn onímọ̀ wọn apá wọn, wọ́n sì ka DNA wọn. Ìgbà náà ni ó tó hàn kedere pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ní Ghana, Peter Kwapong ti Yunifásítì Cape Coast àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ibùdó kan sílẹ̀ nítòsí igbó Kakum fún oyin tí kì í ta ni, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti lè kọ́ bí a ṣe ń sìn wọ́n.

Ní Nàìjíríà, John Medler, ará Amẹ́ríkà tí ó bá Yunifásítì Ifẹ̀ ṣiṣẹ́, tẹ àkójọ orúkọ àwọn kòkòrò Nàìjíríà jáde ní 1980. Àwọn àpótí kòkòrò wà ní mùsíọ́mù Ilé-Ifẹ̀, ó wà ní Samaru ní Zaria, ó sì wà ní ibùdó IITA ní Cotonou. Ìpìlẹ̀ ni gbogbo ìyẹn, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ kọ́ ni ilé.

5. OHUN TÍ Ó ṢẸ́ KÙ

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe pín. South Africa ni wọ́n ti wá oyin jù. Kenya tẹ̀ lé e. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà lẹ́yìn, nínú rẹ̀ sì ni ilẹ̀ gbígbẹ bíi tiwa wà lẹ́yìn pátápátá. Ní 2016, àjọ àgbáyé IPBES gbé ìròyìn ńlá jáde lórí àwọn kòkòrò tí ń mú irúgbìn so. Wọ́n rí ẹ̀rí pé oyin igbó ń dínkù ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà Àríwá. Fún Áfíríkà, wọ́n sọ pé àkọsílẹ̀ kò tó láti sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ẹni tí kò ka owó rẹ̀ lánàá kò lè mọ̀ bóyá olè jà á lónìí.

Ó wà nínú ọkàn àwọn ènìyàn pé igbó kìjikìji gúúsù ni ohun ẹlẹ́mìí ti pọ̀ jù, pé ilẹ̀ Borno jẹ́ iyanrìn lásán. Ní ti ẹyẹ àti labalábá, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní ti oyin, kò rí bẹ́ẹ̀. Michener ti sọ ọ́ tipẹ́, àwọn onímọ̀ tí Michael Orr ṣáájú sì fi àkọsílẹ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún jẹ́rìí sí i ní 2021: oyin fẹ́ràn ilẹ̀ gbígbẹ tí oòrùn ń ràn sí, níbi tí igi kò pọ̀, tí òdòdó sì ń tú jáde lẹ́yìn òjò. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í jẹ́ kí ilé inú ilẹ̀ hu olú. Ilẹ̀ wa níhìn-ín ń rí òjò fún bí oṣù mẹ́rin lọ́dún, láti Okúdù sí Ọ̀wẹ́wẹ̀, òdòdó inú koríko a sì bo gbogbo ilẹ̀. Nítorí náà, ibi tí wọ́n kò tíì wò dáadáa yìí yẹ ní wíwò.

Ẹ mọ ìdí tí wọ́n kò fi wò ó. Láti 2009 ni ogun Boko Haram ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò lóko, kò sì rọrùn fún onímọ̀ láti gbé àwọ̀n lọ sí Marte tàbí etí igbó Sambisa. Igi ìdáná tí àwọn tí ogun lé wá sí Yerwa ń wá ti mú kí igbó ẹ̀bá ìlú sá sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 2024, ìdídò Alau ya, omi sì bo apá ńlá nínú ìlú àti oko. Ènìyàn kú, ilé wó, a sì rí i. Bí oyin tí ilé wọn wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀ bá bá omi lọ, ta ni yóò mọ̀? Ohun tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kì í sọnù lójú ẹnikẹ́ni.

Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi kan àgbẹ̀. Bí a bá mọ orúkọ oyin tí ń mú ìgbá so, a ó mọ ibi tí ó ń gbé, a ó mọ òdòdó tí ó ń jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó sì mọ oògùn tí ń pa á. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, ìmọ̀ràn tí wọ́n bá fún wa yóò jẹ́ ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ fún oyin ilẹ̀ òyìnbó.

6. OHUN TÍ ÀGBẸ̀ LÈ ṢE

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Onímọ̀ ní awò, àwa ní oko. Ẹ jẹ́ kí á ṣe tiwa.

(i) Ẹ ṣọ́ àkókò tí ẹ ń fín oògùn. Òdòdó ẹ̀wà máa ń là láàárọ̀, ó sì máa ń pa dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Àkókò náà ni oyin wà lóko. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fín ẹ̀wà nítorí kòkòrò tí ń jẹ òdòdó àti èso, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, tàbí kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kà á fún yín. Ẹ má po oògùn méjì pọ̀, ẹ má sì fọ pọ́ǹpù sínú omi tí oyin, ẹran àti ènìyàn ń mu. Ẹ tún lè béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ọ̀gbìn nípa ẹ̀wà SAMPEA 20-T, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019. Kòkòrò tí ń lu èso ẹ̀wà kò rí i jẹ, nítorí náà fífín rẹ̀ dín kù.

(ii) Ẹ fi etí oko díẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ́ àti katakata kò kàn, tí ẹ kò sì dáná sun, tó láti gba ọ̀pọ̀ ilé oyin inú ilẹ̀.

(iii) Ẹ má sun gbogbo pòròpórò. Ẹ di díẹ̀ ní ìdì, kí ẹ fi sí ibi tí òjò kò ní pa á. Ẹ fi igi gbígbẹ kan tàbí méjì sílẹ̀ ní ẹ̀bá oko. Oyin alugi ń wá ibi tí yóò gbé; bí ó bá rí i lóko, kò ní wá lu òpó ilé yín.

(iv) Ẹ dá igi tí ń tanná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sí: ajágbọn, màngòrò, zógálè, kúrná, àti igi tí a ń gba karo lára rẹ̀. Oúnjẹ oyin ni títí òjò yóò fi dé. Àwọn obìnrin tí ń lọ ṣẹ́gi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ẹ̀ka gbígbẹ, ẹ fi ìdí sílẹ̀.

(v) Bí oyin afárá bá wọ ilé yín, ẹ má da epo bẹntiróò sí i. Ẹ pe ẹni tí ń sin oyin kí ó wá kó o.

(vi) Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó: ọjọ́, agogo, òdòdó, bí oyin náà ṣe rí. Bí ẹ bá rí òkú oyin, ẹ fi sínú ìgò kékeré tí ó ní sípírítì, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ibi tí ẹ ti rí i, ọjọ́ rẹ̀ àti òdòdó rẹ̀ sórí ìwé pélébé, kí ẹ sì jù ú sínú ìgò náà. Ẹ má fi bírò kọ ọ́, sípírítì yóò fọ̀ ọ́ dànù. Oyin tí kò ní ìwé ibi àti ọjọ́ kò wúlò fún onímọ̀, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Ẹ lè fi lé olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ọmọ yín lọ́wọ́, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ní Yunifásítì Maiduguri, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975.

(vii) Ẹ má fi ọmọ tí ń ṣeré pẹ̀lú kòkòrò ṣẹ̀sín. Àwọn tí wọ́n mọ oyin Áfíríkà dunjú kéré níye, púpọ̀ nínú wọn sì ti dàgbà. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó ti mọ ibi tí oyin ń gbé kí ó tó wọ yunifásítì ti fi ẹsẹ̀ kan ṣáájú ọmọ ìlú ńlá. Kì í ṣe òkè òkun nìkan ni a ti lè sọ oyin Borno lórúkọ.

Ẹ̀yin ará, a wá sí ilẹ̀ yìí láti ọ̀nà jíjìn, a sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ọ ṣiṣẹ́ lóko láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, tí kò gba owó, tí kò bèèrè oúnjẹ, ó yẹ kí o mọ orúkọ rẹ̀. Ní ọ̀la, kí ẹ tó gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, ẹ kọ́kọ́ dúró díẹ̀ ti òdòdó, kí ẹ ka iye irú oyin tí ẹ rí. Ẹ sọ fún wa, àwa náà yóò sọ fún àwọn tí wọ́n ní awò.